Ọjọ́ Tí Màmá Stafford Dá Ìkómọjáde Dúró

Láti ìgbà tí Màmá Stafford ti lọ, n kò lè jókòó. Mo máa ń dìde nídìí oúnjẹ, màá lọ síbi fèrèsé, màá padà wá, n kò sì ní rántí ohun tí mo tìtorí rẹ̀ dìde. Gareth, ọkọ mi, ní kí n kọ ohun tí mo bá rántí nípa wọn sílẹ̀, bóyá ọkàn mi á rọlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo ti ń kọ ọ́ nìyí. Ọkàn kò rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ rèé.

Ìyá ìyá mi ni wọ́n. Stafford, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń gbé, nínú ilé kékeré kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn àpèjẹ, ìdí nìyẹn tí gbogbo àwa ọmọ-ọmọ fi ń pè wọ́n ní Màmá Stafford, kí a má baà ṣì wọ́n mú mọ́ ìyá bàbá mi tó wà ní Ìbàdàn. N kò ní to ìgbésí ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó ṣe ìwé ètò ìsìnkú ti ṣe ìyẹn: ibi tí wọ́n bí wọn sí, ilé ìwé tí wọ́n lọ, ọdún tí wọ́n dé Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo kà á láti òkè délẹ̀, n kò sì pàdé Màmá níbẹ̀.

Màmá tí èmi mọ̀ kì í jókòó dáadáa. Bí ẹ bá gbé àga fún wọn, etí àga ni wọ́n á fìdí lé, bí ẹni tó wà ní ọsibítù tí wọn ò ní í pẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n á tú gèlè, wọ́n á tún un wé, wọ́n á tún tú u. Báàgì wọn kì í kúrò ní apá wọn, àní nínú ilé ara wọn. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n nígbà tí wọ́n kọ́ mọ́tò wíwà, ṣùgbọ́n wọn ò gun freeway, ọ̀nà márosẹ̀ tí kò ní iná, rí títí wọ́n fi kú. Ọ̀nà feeder, èyí tó ń bá freeway rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni wọ́n máa ń gbà láti Stafford dé Katy níbi tí ìyá mi ń gbé, wọ́n á sì dúró ní gbogbo iná ojú títì. Ohun tí ẹlòmíràn ń fi ogójì ìṣẹ́jú ṣe, Màmá á fi wákàtí kan ààbọ̀ ṣe é. Ìyá mi bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹnìkan máa gbé wọn.

Màmá ní, "Ẹni tó bá ń gbé mi ni yóò máa sọ ìgbà tí mo máa dìde."

Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní daycare kan, ilé ìtọ́jú àwọn ọmọdé. Àwọn ọmọ ibẹ̀ wá láti ibi gbogbo láyé, Màmá sì ti gbà á gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ara wọn láti mọ orúkọ oníkálukú bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é. Ọmọdébìnrin kan wà níbẹ̀ tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Vietnam. Hạnh ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo olùkọ́ ń pè é ní Hannah, ọmọ náà sì ń dáhùn. Lọ́jọ́ kan, Màmá lọ dúró de ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Wọ́n ní kí ó bá àwọn pe orúkọ ọmọ náà. Ó pè é. Màmá pè é. Ó mi orí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un pè nínú oòrùn yẹn títí obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Màmá ń sọ ìtàn yìí fún mi, wọ́n ní ohùn ló wà nínú rẹ̀, bíi tiwa, pé orúkọ náà ń lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ ẹrù kalẹ̀.

Mo bi wọ́n pé kí ni gbogbo wàhálà yẹn fún, nígbà tí ọmọ kúkú ń dáhùn.

Wọ́n ní, "Bí o bá fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ pe ọmọ, ó lè dá ọ lóhùn. Kò tíì wá sọ́dọ̀ rẹ."

Ẹ má rò pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n o. Màmá máa ń jà. Àwọn àti ìyá mi ò lè wà nínú kíṣìnnì kan fún wákàtí kan kí ohùn má lọ sókè. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì, wọ́n fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan wà ní àyè rẹ̀. Màmá á sì ti gbé iyọ̀ kúrò níbí, gbé ìkòkò kúrò lọ́hùn-ún. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó!" ni Mọ́mì máa ń wí. Àárín wọn ti rí bẹ́ẹ̀ kí n tó dáyé, mo sì rò pé ìwà wọn méjèèjì ló fà á.

Lẹ́yìn náà ni mo lóyún.

Ará Wales ni Gareth, ilẹ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ England, tó ní èdè tirẹ̀. Ẹnjiníà ni, ọ́fíìsì kan ní Westchase ló gbé e wá sí Houston. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú. Nígbà tí àyẹ̀wò sọ pé obìnrin ni ọmọ inú mi, Mọ́mì ti kọ orúkọ Yorùbá mọ́kànlá sórí ìwé kan, Gareth sì gba gbogbo rẹ̀ láìjiyàn. Èmi ni mo ní kí a fi ti Wales kan sí i. Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa ń jẹun nílé Mọ́mì ní Katy, Gareth ní òun ti rí ọ̀kan.

"Seren," ó ní. "Ìràwọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀."

Màmá ní, "Ó dára. Ta ló ń jẹ́ ẹ nílé yín?"

"Kò sí o, Màmá."

"Níbo lo ti wá rí i?"

Gareth na fóònù sí wọn. Màmá fi gíláàsì wọn sójú, wọ́n fi ìka wọ́ ojú fóònù náà lọ sókè, wọ́n wọ́ ọ wá sílẹ̀. Orúkọ ọmọbìnrin ilẹ̀ Wales tó tò bí èèrà: Carys, Ffion, Lowri, Seren.

"Aṣọ inú ìsọ̀ ọjà nìyí," Màmá ní. "Ó lè bá ọmọ mu. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ẹni tó rán an sí wa."

Mọ́mì ní, "Màmá, ẹ fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Orúkọ Yorùbá la máa pe ọmọ. Ti òyìnbó yẹn, orí ìwé lásán ni."

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," Màmá dáhùn. "Ilé mélòó ni ọmọ ní? Ẹ lajú sí ọ̀kan, ẹ dijú sí èkejì." Wọ́n yíjú sí Gareth. "Ta ló kù nílé bàbá rẹ?"

Gareth wo àwo oúnjẹ rẹ̀. Ó ní ó ku ẹ̀gbọ́n bàbá òun obìnrin, Àǹtí Dilys, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà rèé tí àwọn ti bá ara àwọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ìyá àgbà yẹn kú, Gareth ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní Houston, kò sì lọ síbi ìsìnkú. Àǹtí kọ lẹ́tà sí i, ìlà kan péré: "A dúró dè ọ́ títí wọ́n fi bo ilẹ̀." Ó ní òun kò mọ ohun tí òun yóò fi fèsì. Ọdún wá ń gorí ọdún.

Mo retí kí Màmá sọ̀rọ̀. Wọ́n dìde nídìí oúnjẹ, wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n jáde lọ sí gáréèjì, wọ́n sì lọ sílé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n wá gbé mi ní àpátímẹ́ǹtì wa ní Westchase. Wọ́n ní kí n sin àwọn jáde. Mo bi wọ́n pé ibo là ń lọ, wọ́n ní kí n ṣáà wọlé. A gba feeder, àwọn mọ́tò ń sáré kọjá wa lórí freeway, oyún mi ti lé ní oṣù mẹ́jọ, àtẹ́lẹsẹ̀ mi wú. Iná kan dá wa dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láìwo ojú mi.

"Nígbà tí mo bí ìyá rẹ, ilé bàbá mi ní Ìkìrun ni mo bí i sí. Ìgbájọ ni ilé ọkọ mi. Èmi àti ìyá ọkọ mi ò rẹ́. Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi nínú oyún, mo sì fi pamọ́ sínú. Ọjọ́ ìkómọ, òjò ńlá rọ̀, mọ́tò àwọn ará Ìgbájọ ò tètè dé. Bàbá mi ní ká dúró dè wọ́n, pé àwọn ló lọmọ. Mo ní mi ò dúró. Mo sunkún, mo fẹsẹ̀ janlẹ̀, mo ní bí wọ́n bá kà mí sí, wọn ì bá ti dé. Wọ́n bá sọ ọmọ lórúkọ."

Iná ti yí sí gíríìnì. Ẹni tó wà lẹ́yìn wa fun fèrè. Màmá ò kúrò.

"Ọ̀sán ni wọ́n dé. Aṣọ ìyá ọkọ mi rin gbingbin. Wọ́n ní, 'Ẹ ti sọ ọ́?' Mo ní, 'A ti sọ ọ́.' Wọn ò bá mi jà. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e lọ sí igun yàrá, wọ́n fi ẹnu sí i létí, wọ́n sọ nǹkan kan. Wọ́n gbé e padà fún mi. Wọn ò fẹnu kan omi wa, wọ́n padà sínú òjò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tí a ti rẹ́, mo kúnlẹ̀ fún wọn, mo ní kí wọ́n sọ orúkọ tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́ náà fún mi. Wọ́n ní, 'Mo ti sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín.' Ibẹ̀ ló parí sí. Wọ́n ti kú."

"Ṣé Mọ́mì mọ̀?"

"Kò mọ̀." Wọ́n wá gbé mọ́tò. "Ìyá rẹ ní orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ láyé. Èmi ni mo sọ ọ́ nù."

Mo bí ọmọ lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Màmá ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ Gareth, wọ́n ní kí ó pe àǹtí rẹ̀ lójú àwọn. Ó pè é. Àǹtí Dilys gbé e. Gareth sọ pé òun bímọ, pé obìnrin ni, pé òun ń bẹ̀bẹ̀ fún orúkọ láti ilé. Àǹtí ní, "Ó yà mí lẹ́nu pé o ṣì ní nọ́ńbà mi." Wọ́n gé fóònù.

Ojú Gareth pọ́n. Màmá ní, "Wọ́n gbé e. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ kì í gbé e." Ó pè lọ́jọ́ kẹta, lọ́jọ́ kẹrin, wọn ò gbé e mọ́. Màmá ní kí ó kọ ọjọ́ àti aago ìkómọ ránṣẹ́ sí wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ilé Mọ́mì kún. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ Mọ́mì, àwọn ọ̀rẹ́ wa. Oyin, iyọ̀, omi àti obì wà lórí tábìlì. Aago mẹ́wàá lù, Pásítọ̀ dìde, ó ṣí Bíbélì. Màmá rìn lọ síbi tábìlì, wọ́n gbé abọ́ oyin, wọ́n gbé e sí orí itan wọn, wọ́n sì jókòó. Wọ́n jókòó wọnú àga, wọ́n fẹ̀yìn tì í. N kò rí irú rẹ̀ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Pásítọ̀," wọ́n ní. "À ń dúró de ìdílé bàbá ọmọ."

Ààbọ̀ wákàtí kọjá. Aago mọ́kànlá kọjá. Pásítọ̀ ń wo aago, nítorí wọ́n ń retí rẹ̀ níbi ìkómọ mìíràn ní Stafford. Àwọn kan ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn. Ọmọ sunkún, mo fún un lọ́mú, ó sùn, ó jí, ó tún sunkún. Gareth dúró sí ẹnu ọ̀nà, fóònù lọ́wọ́, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Mọ́mì kọ́kọ́ bá Màmá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó wá di ariwo.

"Màmá, ṣé ojú ni ẹ fẹ́ tì mí lójú èèyàn? Obìnrin tí ò fẹ́ rí wa rárá lẹ ní ká dúró dè! Ta ló ń ṣe báyìí?"

Màmá gbójú sókè. "Lọ́jọ́ tìrẹ, èmi ò dúró," wọ́n ní.

"Ọjọ́ tèmi wo?"

Màmá bá sọ ọ́. Níwájú gbogbo èèyàn, pẹ̀lú abọ́ oyin lórí itan, wọ́n sọ nípa òjò, nípa aṣọ tó rin, nípa ohun tí wọ́n sọ sí ọmọ létí. Kò gùn. Nígbà tí wọ́n parí, Mọ́mì fìdí lé apá àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mọ́mì gbé ọwọ́ sí etí, wọ́n dì í mú díẹ̀. Wọ́n wá dìde, wọ́n wọ kíṣìnnì, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Mo fẹ́ tẹ̀ lé wọn, ọmọ ń bẹ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ bínú sí Màmá, n kò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ ti pa Bíbélì dé. Ìgbà yẹn ni fóònù Gareth dún.

Àǹtí Dilys ni, lórí fídíò, ojú wọn hàn kedere: arúgbó obìnrin tínínrín kan, wọ́n wọ kóòtù nínú kíṣìnnì ara wọn. Wọ́n bá Gareth sọ èdè ilé wọn. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi fèsì, ó rí ọ̀kan, ó sọ òmíràn nù, ẹkún sì gbà á lẹ́nu. Màmá na ọwọ́, wọ́n gba fóònù náà. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì wọn sọ pé, "Àbúrò mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti ń dúró dè yín." Wọ́n yí fóònù káàkiri kí Àǹtí lè rí gbogbo ilé.

"Gbogbo yín?" Àǹtí ní.

"Gbogbo wa."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti aago mẹ́wàá."

Àǹtí Dilys fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n wá ní, "Angharad. Orúkọ ìyá mi ni." Ìyá àgbà tó tọ́ Gareth nìyẹn, èyí tí kò rí sin. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí a fẹ́ràn lọ́pọ̀lọpọ̀.

"Ẹ tún un pè fún mi," Màmá ní.

Àǹtí pè é. Màmá pè é, ó há. Àǹtí gé e sí mẹ́ta fún wọn. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, Àǹtí Dilys ké, "Òun nìyẹn!" gbogbo ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, Pásítọ̀ pàápàá ń kọsẹ̀ lórí rẹ̀. Màmá gbé abọ́ oyin padà sórí tábìlì. Ilẹ̀kùn kíṣìnnì ṣí, Mọ́mì jáde pẹ̀lú ojú tó wú, ìwé orúkọ mọ́kànlá yẹn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí ti ilé bàbá rẹ̀ ṣáájú." Wọn ò wo Màmá.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Mọ́mì ò fi bá Màmá sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń gbé oúnjẹ lọ sí Stafford, wọ́n á gbé e sí ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n á tẹ aago, wọ́n á sì wọ mọ́tò wọn padà. Màmá rù. Mo sọ fún Mọ́mì pé ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n ní kí n má dá sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé ọmọ débẹ̀, mo bá Mọ́mì nílẹ̀, ẹsẹ̀ Màmá lórí itan wọn, wọ́n ń bá wọn gé èékánná. Nígbà tí mo sin Mọ́mì dé ìdí mọ́tò, mo bi wọ́n pé ṣé ó ti parí.

Wọ́n ní, "Ìyá bàbá mi sọ ọ́ fún mi létí. Mo ti gbọ́ ọ rí, àbí n kò gbọ́ ọ?"

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Àǹtí Dilys máa ń pe Màmá. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ara wọn yé. Àǹtí hun fìlà òwú tó nípọn ránṣẹ́ sí ọmọ nínú ooru tí ń bó ènìyàn lára. Màmá fi dé e lórí, wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n ṣí i kíá, wọ́n ní kí n sọ pé kò fẹ́ bọ́ ọ. Wọ́n jà lórí bóyá kí ọmọ mu omi. Wọ́n rẹ́ padà.

Angharad pé oṣù méje nígbà tí Màmá lọ. Òwúrọ̀ ni, ní Stafford, wọ́n ń dìde lórí àga ni. Gareth ló pe Àǹtí lọ́jọ́ náà. A sin wọ́n, èrò lọ. Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo wà nínú yàrá wọn, mo ń ṣa aṣọ, mò ń kó o jọ, mò ń tú u ká, fóònù mi dún. Àǹtí Dilys ni.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ dárúkọ Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn, láàárín àwọn tó ti lọ. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn. "Mama ni mo ń pè é láti ọjọ́ kìíní. Mi ò bi í rí. Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo mọ orúkọ náà. Mo ti rí i lórí páálí oògùn wọn, lórí lẹ́tà, lórí ìwé ètò ìsìnkú. Ṣùgbọ́n ta ló ń pe ìyá ìyá rẹ̀ lórúkọ? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò tíì ti ẹnu mi jáde rí.

"Ṣé o wà níbẹ̀?" Àǹtí ní. "Máa pè é díẹ̀díẹ̀. Mo ti mú bírò."

Mo gbé aṣọ ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú bẹ́ẹ̀dì wọn.

"Ìbídùn," mo ní. "Ìbídùn ni wọ́n ń jẹ́."